Òkè Dala tí à ń wò lókèèrè

Ìròyìn ìdílé pọ̀ lọ́wọ́ wa ní oṣù yìí, ti ìkómọjáde, ti ìgbéyàwó, àti ti àwọn ọmọ wa tí wọ́n yege nínú ìdánwò, ẹ ó sì kà wọ́n ní ojú ìwé tí ó kàn. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ òkè kan fún yín, òkè tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa kò sì fi ẹsẹ̀ kàn rí. Òkè Dala ni.

Orúkọ náà kò ṣe àjèjì sí wa. Bí ọmọ bá ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ tí apá rẹ̀ ṣẹ́, a óò ní kí wọ́n gbé e lọ sí Dala, nítorí ilé ìwòsàn eegun wà níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ń jẹ́ Dala. Àwọn àgbà wa tí wọ́n bá ìgbà ẹ̀pà tún mọ̀ ọ́n lọ́nà mìíràn. Àwọn òkìtì àpò ẹ̀pà gíga tí wọ́n ń tò ní Kánò láyé ìjọ́hun, tí fọ́tò wọn ṣì wà lára ògiri ní ilé àwọn bàbá wa mìíràn, dalar gyada ni àwọn Hausa ń pè wọ́n. Dala kan náà ni. Síbẹ̀, bí a bá ń bi ènìyàn léèrè láti ojúlé dé ojúlé ní Sabon Gari pé ta ni ó ti gun òkè náà rí, a óò rìn jìnnà kí a tó rí ẹni tí yóò na ọwọ́.

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́, pé kí a kó àwọn ọmọ wa lọ gun òkè náà nígbà ìsinmi, bàbá àgbàlagbà kan dìde, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí ni a sọ nù sórí òkè onílùú tí a fẹ́ lọ wá?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ bàbá yìí mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà ni ó ń ṣe. Ọmọdé ni ní 1966, ojú rẹ̀ sì rí ohun tí ojú ọmọdé kò yẹ kí ó rí. Àwọn tí wọ́n bí i ti ròyìn ìjà oṣù karùn-ún 1953 fún un kí ó tó dàgbà. Ohun tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn bàbá wa ni pé kí olúkúlùkù mọ ọ̀nà rẹ̀: ibi iṣẹ́, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, kí ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. A kò bú wọn. Bí wọn kò bá ṣọ́ra, bóyá àwa tí à ń kọ ìwé yìí kì bá tí sí.

Ìyá kan ni ó dá bàbá lóhùn, ó kúnlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ máa bínú. Ọmọ mi ọkùnrin lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ọ̀fà. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní ọmọ Gàmbàrí, nítorí bí ó ṣe ń fọ Yorùbá. Ó padà dé Kánò, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè é ní Bayarabe. Ó wá bi mí pé ibo gan-an ni òun ti wá. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un nípa Ọ̀fà tí yóò yé e, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó ń lò níbẹ̀ lọ́dún. Ṣùgbọ́n Kánò tí a bí i sí, tí ó ń mu omi rẹ̀ lójoojúmọ́, òun náà kò mọ̀ ọ́n. Yorùbá Road dé ọjà Sabon Gari ni gbogbo ayé rẹ̀ mọ.”

Nígbà tí ìyá yìí jókòó, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a lọ, ṣùgbọ́n kí a lọ ní àárọ̀, kí a sì kí ènìyàn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Nílé, ní Ìbàdàn àti ní Ṣágámù, Sábó ni à ń pe àdúgbò tí àwọn Hausa ń gbé. Inú “Sabon Gari” ni orúkọ náà ti jáde, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìlú tuntun. Ní Kánò, àwa ni ará Sábó. Bí a bá gbọ́ pé Hausa kan gbé ní Sábó Ìbàdàn fún ogún ọdún tí kò gun Òkè Màpó rí láti wo bí ìlú ti tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ṣé a kò ní sọ pé kò tíì mọ Ìbàdàn? Ìjọba òyìnbó ni ó ya Sabon Gari ti Kánò sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi fún àwọn tí rélùwéè kó wá, nítorí wọn kò fẹ́ kí àwọn àlejò tuntun máa gbé inú odi pẹ̀lú àwọn onílùú. Òyìnbó ti lọ láti 1960. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń pa òfin náà mọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni a lọ, lẹ́yìn tí òjò ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ kò sì tíì mú ojú ọ̀run ṣú. Àkókò tí ó dára jù nìyẹn. Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ a máa bo gbogbo nǹkan, ẹni tí ó bá wà lórí òkè kò ní rí ju ilé tí ó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà ooru, oòrùn kì í ṣojú àánú. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, ara òkè a máa yọ̀.

Kofar Mata ni a gbà wọ inú odi, nítorí a fẹ́ kí àwọn ọmọ rí ibi ìpaláró. Wọ́n ní ó ti wà níbẹ̀ láti 1498. Àwọn ìyá wa dúró níbẹ̀ pẹ́, àwọn ọkùnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí wọ́n ń wò. Nílé wa, obìnrin ni aláró, ìkòkò sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní Kánò, ọkùnrin ni ó ń pa aṣọ láró, inú kòtò tí a gbẹ́ sílẹ̀ yípo tí a sì rẹ́ dáadáa ni wọ́n ń rì í sí. Ìyá àgbà kan wà láàárín wa tí ó wá láti Abẹ́òkúta láti wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀. Ó ti ta àdìrẹ ní ìgbà èwe rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn kòtò náà, ó ní, “Ẹ̀lú kan náà ni.” Ó tún ní eérú wọn kò kan tó. A kò túmọ̀ ìyẹn fún aláró.

Láti ibẹ̀ a gba ẹ̀bá ọjà Kurmi kọjá, ọjà tí ọba Muhammadu Rumfa dá sílẹ̀. Láàárín 1463 àti 1499 ni ọba yìí jẹ, òun náà ni ó kọ́ ààfin tí Ẹ́mìà Kánò ń gbé títí di òní. A sọdá Jakara, odò tí ó la ìlú kọjá. Ẹ má jẹ́ kí a tàn yín jẹ, gọ́tà ni ó kù níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í fún, ilé sún mọ́ ilé, a kò sì rí òkè náà mọ́ rárá nítorí a ti sún mọ́ ọn jù.

Nísàlẹ̀ òkè, a ṣe bí bàbá ti wí. A kí àwọn ọkùnrin tí wọ́n jókòó ní ẹnu ọ̀nà, a kí wọn kú àárọ̀, a kí wọn kú ilé, a béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, gbogbo rẹ̀ ní èdè wọn. Àgbàlagbà kan nínú wọn béèrè ohun tí a wá ṣe. A ní a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ìlú. Ó wo àwọn ọmọ náà lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀ kan pé kí ó mú wa lọ síbi àtẹ̀gùn. Nígbà tí ó gbọ́ pé òṣìṣẹ́ rélùwéè wà nínú wa, ó di ọ̀rẹ́ pátápátá. Ó ní òun ru àpò ẹ̀pà sínú ọkọ̀ ojú irin nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, ó fi èjìká rẹ̀ hàn wá, ó sì béèrè ìgbà tí àwọn ọkọ̀ ẹrù yóò tún máa lọ bọ̀ bí ti àtijọ́. Gbogbo ojú ṣí sí àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè. A ní, “Sai Allah ya yarda,” bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ó mi orí, ó ní èsì tí àwọn ti rélùwéè ń fún òun nígbà gbogbo nìyẹn.

Gígun òkè náà kò le. Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì wà, kò sì gbà wá ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nǹkan bí 534 mítà ni orí rẹ̀ fi ga ju ojú òkun lọ, ṣùgbọ́n ìlú Kánò fúnra rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ gíga, nítorí náà èyí tí ó kù fún ẹsẹ̀ láti gùn kò pọ̀. Ẹni tí ó bá ti gun Olúmọ tàbí òkè Ìdànrè kò ní ka Dala sí nǹkan. Ìyá àgbà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ṣíwájú gbogbo wa, ó ń kọrin, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ti fi ara mọ́ ọ̀kadà jù ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. A kò ní dá orúkọ wọn.

Orí òkè náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Òkúta ibẹ̀ pupa, yangí ni, irú èyí tí a mọ̀ nílé, ó wúwo lọ́wọ́, ó sì dà bí irin tí ó ti dípẹtà. Nínú òkúta yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ Kánò ti bẹ̀rẹ̀. Irin wà nínú rẹ̀. Kí ìlú tó wà, kí odi tó wà, àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń yọ́ irin ní ibí yìí, àwọn tí wọ́n sì wá ìtàn ilẹ̀ rí àpẹẹrẹ iṣẹ́ wọn. Ìtàn kan ní láti Gaya ni wọ́n ti wá, àti pé Kano ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn tí ó ń wá òkúta irin kiri. Nígbà tí a sọ èyí fún àwọn ọmọ, ọmọ awakọ̀ kan tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ pariwo pé, “Àṣé Ògún ti dé Kánò kí àwa tó dé!” Àlùfáà kan wà pẹ̀lú wa, ìmáàmù kan náà sì wà. Àwọn méjèèjì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìwé ìtàn àwọn ọba Kánò wà, tí òyìnbó H. R. Palmer túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1908. Ohun tí ìwé náà wí ni pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dala ni ó kọ́kọ́ kọ́ ilé sórí òkè yìí, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tí ó ti wá. Nínú ìran rẹ̀ ni a ti bí Barbushe, ọdẹ tí ó ń fi igi pa erin, tí ó sì ń gbé e lérí rìn ní nǹkan bí máìlì mẹ́sàn-án. (Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ wà nínú wa, ẹ má bínú, bí ìwé ti wí ni a wí.) Barbushe ni olórí ìbọ wọn. Òrìṣà wọn ń jẹ́ Tsumburbura, ìdí igi kan ni wọ́n ti ń bọ ọ́, odi yí igi náà ká, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ àfi Barbushe. Kì í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè àfi ní ọjọ́ ọdún, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tọkùnrin tobìnrin a máa wá láti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, wọn a kó ara wọn jọ sí ẹsẹ̀ òkè ní àṣálẹ́, wọn a mú ewúrẹ́ dúdú, adìẹ dúdú àti ajá dúdú wá. Ẹni tí ó bá mọ ọdún Òkè’Bàdàn nínú wa yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ti Abọkẹ̀. Bí ènìyàn bá ti rí òkè, ó dà bí ẹni pé ohun kan náà ni ó máa ń wá sí i lọ́kàn.

Ní òru ọjọ́ kan, Barbushe sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé àlejò kan ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ ogun, yóò sì di olúwa lórí gbogbo wọn. Wọ́n bínú sí i, wọ́n ní kí ló dé tí ó fi sọ irú ọ̀rọ̀ búburú bẹ́ẹ̀. Ó ní bí kò bá dé ní ayé wọn, yóò dé ní ayé àwọn ọmọ wọn. Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí, ní 999 ni Bagauda dé, òun sì ni ìwé náà kà sí ọba Kánò àkọ́kọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú wa díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti di ti wa. Dala, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ó ti wá. Àwọn alágbẹ̀dẹ, láti Gaya ni wọ́n ti wá. Bagauda, àlejò ni. Nígbà tí Yaji jọba, láàárín 1349 àti 1385, àwọn Wangara dé láti ìwọ̀-oòrùn pẹ̀lú ìmọ̀ Kùránì. Àwọn Lárúbáwá gba aṣálẹ̀ kọjá wá. Àwọn Fúlàní gba ìjọba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn Tápà ní àdúgbò tiwọn nínú odi, Tudun Nufawa ni orúkọ rẹ̀. A kò wí èyí láti fi gba ilẹ̀ onílẹ̀, àlejò kì í pín ogún. Ohun tí a ń wí ni pé ìlú tí a rò pé gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àfi àwa nìkan tí a gbé àpótí wá, kò rí bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwa fúnra wa rí. Ọmọ tí ó mú wa gun òkè na ọwọ́ sí inú odi, ó ń dárúkọ àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé Ayagi. A dá a dúró. Ayagi! Ọmọ Yorùbá ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti ń gbé inú odi Kánò ṣáájú kí òyìnbó tó dé, ṣáájú rélùwéè, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Sabon Gari. Àwọn ọmọ wọn ń sọ Hausa lónìí, wọ́n ti di ará Kánò. Àwọn kan nínú wa rò pé ìyẹn burú, pé ohun tí à ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn, kí ọmọ gbàgbé èdè. Àwa náà kò fẹ́ kí ọmọ wa gbàgbé èdè, ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹgbẹ́ fi ń kọ́ wọn ní Yorùbá ní ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ tí wọ́n ń pè ní Bayarabe ní ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ pé Bayarabe kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó dé lánàá. Ọmọ ìyá Ọ̀fà wà lórí òkè lọ́jọ́ náà. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí ọmọ Hausa náà tún na ọwọ́ sí Ayagi, kí ó lè rí i dáadáa.

Láti orí Dala, gbogbo Kánò wà lábẹ́ ojú. Goron Dutse, òkè kejì tí ó wà nínú odi, wà ní apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, òun náà tẹ́ lórí bí ìkejì rẹ̀. Mọ́sálásí ńlá wà lẹ́bàá ààfin. Ilé amọ̀ olórí pẹrẹsẹ tí Kánò fi lókìkí kò pọ̀ mọ́, páànù ni ó bo ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n igi dóńgóyárò ń yọ orí láàárín wọn, àwọn àwòdì sì ń fò yípo nísàlẹ̀ wa. Ó ya àwọn ọmọ lẹ́nu púpọ̀ pé ènìyàn lè wo ẹ̀yìn ẹyẹ tí ó ń fò. Òyìnbó Jámánì kan, Heinrich Barth, dúró lórí òkè yìí ní oṣù kejì 1851, ó sì ya àwòrán ìlú náà. Ó ṣírò pé 30,000 ènìyàn ni ó ń gbé Kánò nígbà náà, àti pé nígbà tí ọjà bá kún, wọ́n tó 60,000. Lónìí, inú mílíọ̀nù ni a ti ń ka Kánò.

Ní apá ìlà-oòrùn, lẹ́yìn odi, ni Sabon Gari wà. A fẹ́ kí ẹ gbà wá gbọ́ pé kò sí ẹni tí kò dákẹ́ nígbà tí ó kọ́kọ́ rí i. Ibi tí à ń jà sí, tí à ń náwó lé lórí, tí a kọ́ ilé méjì mẹ́ta sí, ó kéré lójú láti ibẹ̀! Bàbá kan wá ilé rẹ̀ títí, kò rí i. Àwọn ọmọ wá ilé ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n rí i, tàbí wọ́n sọ pé àwọn rí i.

Níbẹ̀ ni a ti sọ ìtàn rélùwéè fún wọn, a kò sì lè fò ó. Láti Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ojú irin náà ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Láti Baro létí odò Ọya ni wọ́n ti la òmíràn wá sí Kánò, nígbà tí ó sì di 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ní Èkó kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní Kánò, ọ̀nà tí ó ju 1,100 kìlómítà lọ. Àwọn òyìnbó rò pé òwú ni ilẹ̀ yìí yóò fi kún ọkọ̀. Ẹ̀pà ni àwọn àgbẹ̀ gbìn, nítorí ẹ̀pà ni ó pé wọn. Ẹ̀pà ń lọ sísàlẹ̀, àwọn ará wa ń bọ̀ lókè: akọ̀wé, awakọ̀ ojú irin, kápẹ́ńtà, oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, ìyàwó tí ó tẹ̀lé ọkọ tí ó rò pé ọdún méjì ni àwọn yóò lò. Ọ̀dá àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ 1970, àrùn tí ó kọlu ẹ̀pà, àti owó epo rọ̀bì tí ó mú kí a gbàgbé oko, ni wọ́n pa àwọn òkìtì náà run. Àwọn ará wa kò bá wọn lọ. Dalar gyada ti wó, Dala fúnra rẹ̀ ṣì dúró.

Ṣùgbọ́n kò dúró bí ó ti yẹ kí ó dúró, kò sì dára kí a fi èyí pamọ́. Ilé ti gun ẹsẹ̀ òkè yí ká. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ya lulẹ̀, àgbàrá ti gbẹ́ kòtò sí i lára, ilẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò. A rí ọ̀rá omi mímu àti ìdọ̀tí lórí rẹ̀. Ní 2007, ìjọba Nàìjíríà fi odi Kánò àti àwọn ibi tí ó bá a rìn, òkè Dala pẹ̀lú, sínú ìwé àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ìwé náà ṣì wà bẹ́ẹ̀, kò tíì kọjá ìpele náà. Àwọn onílùú ni ó ni ọ̀rọ̀ yìí ju àwa lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé ìlú lè kó ìdọ̀tí ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ wa kó tiwọn, wọ́n sì kó ti àwọn ẹlòmíràn kún un. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, àgbàlagbà tí ó ru ẹ̀pà rí àpò náà, ó bi wá bóyá a ti ra nǹkan lórí òkè.

Ẹgbẹ́ yóò tún lọ nígbà ìsinmi tí ó ń bọ̀. Ìdílé tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, kí wọ́n fi orúkọ àti iye ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìpàdé oṣù tí ó ń bọ̀ tó parí. Àárọ̀ kùtùkùtù ni a ó lọ, a kì í lọ ní ọjọ́ Jímọ̀. Kí àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin wọ aṣọ tí ó bo ara, kí wọ́n sì mú gèlè tàbí ìborùn, nítorí ẹnu ọ̀nà ilé onílé ni a ó gbà kọjá. Kí olúkúlùkù mú omi rẹ̀ lọ́wọ́ àti bàtà tí ó nípọn nísàlẹ̀, sálúbàtà kò dára fún yangí. Kí a kọ́ àwọn ọmọ ní ìkíni Hausa mẹ́ta ó kéré tán kí wọ́n tó kúrò nílé. Ìyá àgbà ará Abẹ́òkúta ti padà sílé, ọmọ tí ó wá wẹ̀ ti ń jókòó. Bàbá tí ó bi wá ohun tí a sọ nù sórí òkè ti fi orúkọ sílẹ̀, òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ mẹ́rin.